Fóònù Tó Ní Ẹ̀jẹ̀ Ràmọ́tà Ti Bàjẹ́

"Fóònù mi yìí ya fọ́tò àgbò kan ní Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́," Adéríbigbé tó ń ta àgbo ń pariwo ní Ọjà Igbó l'Ógbòmọ̀ṣọ́. "Ó ka àìsàn tó pa bàbá àgbò náà, ó tún ka èyí tó máa pa ọmọ tí kò tíì bí!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àfi Ràmọ́tà tó ń ta ike, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, ó sì ní kí Adéríbigbé fi fóònù náà wo òun.

Adéríbigbé fẹ́ yà á níbi tó jókòó sí lábẹ́ agboòrùn pupa rẹ̀. Ó tẹ fóònù. Ojú Ràmọ́tà pọ́n fòò nínú fọ́tò, gbogbo nǹkan yòókù sì dúdú bí èédú.

"Yéè! Ibi pupa yẹn ni àìsàn wà, ẹ̀jẹ̀ yín ti bàjẹ́! Ẹ da oògùn ilé ìwòsàn nù, kí ẹ mu àgbo mi yìí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn..."

"Má parí ẹ̀!"

Ràmọ́tà já ìgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá débi pé mànàmáná gan-an ò lè bá a, ó fẹ́ ṣí i.

Bẹ́ẹ̀ ni Olúwatómisìn, aládùúgbò rẹ̀ tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Àǹtí Ràmọ́tà, kí lẹ fẹ́ mu yẹn?"

"Fóònù ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ti bàjẹ́ o, Tómisìn."

Tómisìn wo fọ́tò náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kóòdù lásán ni, àṣẹ tí èèyàn kọ sínú fóònù. Kò mọ ẹ̀jẹ̀, kò mọ omi ọbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á fún un ní òdiwọ̀n kan. Ibi tí pupa bá ti ju òdiwọ̀n náà lọ, á kùn ún ní pupa. Ibi tí kò bá tó o, á sọ ọ́ di dúdú. Ó tán! Ẹ jáde kúrò lábẹ́ agboòrùn, kó tún yín yà."

"Ìta máa ń dun fóònù mi lójú!" ni Adéríbigbé wí.

"Ṣé àpólò ń ṣe é ni?" Mùílì alápatà kígbe láti ìsọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹnu pọ̀ lé e lórí, Adéríbigbé tún Ràmọ́tà yà ní ìta. Fọ́tò dúdú kirikiri. Pupa tó tó orí abẹ́rẹ́, kò sí.

"Agboòrùn yín ló ta pupa sí yín lójú," ni Tómisìn wí. "Ṣùgbọ́n àárẹ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì ló yẹ kó gbọ́ ọ."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ Ràmọ́tà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ̀jẹ̀ yín dára, ọmọ yín ń ta pọ́ún. Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"N ò tíì jẹ nǹkan kan, mà."

"Ebi ni! Ẹ lọ jẹun, kí ẹ sì máa lo oògùn yín lọ."

Ràmọ́tà mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, kò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé, "A ò kú o, a ò kú!"

Ẹ̀yin aboyún, fọ́tò orí fóònù kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ tí ẹnìkan fi kóòdù kùn kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ da oògùn ilé ìwòsàn nù. Bí ara bá ń ṣe yín bákan, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, ẹ fi ẹlẹ́tàn sílẹ̀ lọ́jà.

Nígbà tí Ràmọ́tà àti Tómisìn padà sọ́jà, wọ́n bá Adéríbigbé níbẹ̀, ó ń ki fóònù rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Mùílì fà á wọ abẹ́ agboòrùn pupa, Tómisìn sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yà á. Iwájú orí dé àgbọ̀n, pupa!

"Háà, dókítà, tìẹ ti bàjẹ́ ju tèmi lọ," ni Ràmọ́tà wí. Ó ṣí ìgò àgbo, ó nà án sí i. "Ó yá, mu ún kó o tó kú."

Adéríbigbé wo ìgò. Ó wo èrò. Ó já fóònù gbà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, eré tí ẹṣin mẹ́wàá ò lè lé bá, ó di ọ̀nà Ọ̀yọ́.