Kọ̀ǹpútà Tí A Kì Í Pa

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀," ni bàbá mi wí, láìgbé ojú kúrò lórí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. "Ó tún fẹ́ tàn ọ́ jẹ nìyẹn."

Àkíyèsí kékeré kan tó yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà wa ni wọ́n ń bá wí. Ó ní àtúnṣe wà tó yẹ kí ẹ̀rọ náà gbà wọlé, kí á jẹ́ kí òun pa ara òun, kí òun sì tún tàn. Ó ti tó ọdún méjì tí àkíyèsí náà ti ń yọjú, tí bàbá mi sì ń lé e lọ. Wọ́n á ní, "Ìwọ yìí, o tún ti dé. Padà wá lọ́la." Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì padà wá lọ́la.

Ayàwòrán ilé ni bàbá mi. Yàrá iwájú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ní, a kì í sì í pa ẹ̀rọ náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń pa. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì tí kì í jẹ́ kó kú bí iná bá lọ. "Ẹni tó sùn ló ń jí," ni bàbá mi máa ń wí. "Ẹni tó bá kú, ta ló mọ̀ bóyá yóò jí?" Wọ́n ní ìdí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wọlé nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, odidi ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ náà kò fi tàn, oníbàárà sì gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti kẹ̀yìn sí àtúnṣe.

Èmi ò gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, kọ̀ǹpútà sì wà lára ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Ní ilé-ìwé, àwa mẹ́rìnlélógójì là ń pín ẹ̀rọ mẹ́fà, méjì nínú wọn kò sì ní bọ́tìnnì tó pé. Èyí tó wà nílé ni ìrètí mi. Wákàtí kan ni bàbá mi fún mi lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá pàdánù wákàtí yẹn, mo pàdánù ìdánwò náà nìyẹn.

Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ti ṣàlàyé fún wa pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń wá ihò tó wà nínú ẹ̀rọ, pé àtúnṣe ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi ń dí àwọn ihò náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú bàbá mi.

"Bàbá, gbogbo àwòrán tí ẹ ti ń yà bọ̀ wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Bí olè bá wọ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Olè wo ló ń wá àwòrán ilé-ìyàgbẹ́ kiri, Agbẹjọ́rò?" Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nìyẹn, nítorí pé ẹnu mi kì í sinmi.

"Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lò ó. Wọ́n á kàn tì í mọ́ yín lọ́wọ́ ni, ẹ ò ní lè ṣí i mọ́ àfi bí ẹ bá sanwó fún wọn."

"Ó tó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà mi ni mo ń sọ fún ọ yẹn."

Inú bí mi. Kí n má purọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè nìkan ló bí mi nínú. Ohun tó dùn mí ni pé n kò tíì parí ọ̀rọ̀ mi tí òwe fi dé. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí bàbá mi jáde lọ wo ilẹ̀ oníbàárà kan, mo so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, mo wọ ibi ètò rẹ̀, mo sì tẹ ibi tí a ti ń sọ fún un pé kí àtúnṣe máa wọlé fúnra rẹ̀. Ó bi mí pé aago mélòó ni kí òun máa pa ara òun kí òun tún tàn. Mo yan aago mẹ́ta òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí á wá wo ẹni tí yóò lé àkíyèsí lọ báyìí.

Ohun kan ni n kò wò: aago inú kọ̀ǹpútà náà. Ó ti pẹ́ tí ó ti fi wákàtí méjìlá yàtọ̀ sí ti ara ògiri. Ọ̀sán wa ni òru tirẹ̀. Bàbá mi mọ̀, wọn ò kàn kà á sí ni, torí pé aago ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́.

Àtúnṣe ọdún méjì kì í ṣe kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé títí di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo bá bàbá mi ní ìdúró níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Wọ́n lọ jẹun lẹ́yìnkùlé, nígbà tí wọ́n máa padà dé, àwòrán ilé ìṣe-búrẹ́dì tí wọ́n ti ń yà láti ọjọ́ mẹ́rin kò sí lójú ẹ̀rọ mọ́.

"Ṣé ẹ ò fi pamọ́ ni?" ni mo béèrè.

"Báwo ni n ó ṣe fi pamọ́ nígbà tí kò tíì parí? Ẹ̀rọ á ní kí n fún un lórúkọ. A kì í sọ ọmọ inú lórúkọ."

Ojú mi là. Bí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ nìyẹn: iṣẹ́ tí kò bá parí kì í ní orúkọ, ẹ̀rọ kò sì lè fi ohun tí kò lórúkọ pamọ́. Abájọ tí a kò fi gbọdọ̀ pa á.

"Bátìrì ni," ni bàbá mi wí. "Bátìrì tí ọkùnrin yẹn tà fún mi ló já mi kulẹ̀." Wọ́n ti ń wá nọ́ńbà oníbátìrì lórí fóònù. "Lónìí ni yóò mọ irú ẹni tí mo jẹ́."

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré pé àtúnṣe ti parí. Bàbá mi kò rí i. Màmá mi, tí wọ́n ń dirun fún àwọn obìnrin ní ìta, ti wọlé wá wò wá, wọ́n sì rí i. Wọ́n fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ni, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Pa ẹnu rẹ mọ́. Oníbátìrì ti gbọ́ èébú tó ju èyí lọ. Bí bàbá rẹ bá mọ̀, o ò ní fọwọ́ kan nǹkan yẹn mọ́ títí o ó fi ṣe ìdánwò."

Òótọ́ ni màmá mi sọ. Bí mo bá dákẹ́, wákàtí mi ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí fóònù ń dún lọ́hùn-ún, mo sì rántí oníbátìrì, bàbá àgbà kan tí kì í bínú, tí bátìrì rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ wá rí. Ara mi kọ̀ ọ́. Ta ló sọ pé mo nílò irọ́ láti fi gbèjà ohun tó tọ́? Mo padà wọ yàrá.

"Bàbá, ẹ pa fóònù yẹn. Èmi ni."

Wọ́n pa á. Mo sọ ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Ajé fún wọn, mo sì fi aago tí n kò wò hàn wọ́n.

"Mo ní kí o má ṣe é," ni bàbá mi wí, ohùn wọn kò sókè rárá. "O ṣe é."

"Mo ṣe é. Ẹ bá mi wí pé mo yọ́ ọ ṣe, mo gbà. Ẹ bá mi wí pé mi ò wo aago, ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi wí pé ẹ̀rọ yẹn gba àtúnṣe, torí ó yẹ kó gbà á. Mi ò ní tọrọ àforíjì fún ìyẹn."

Màmá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wákàtí rẹ ti tán," ni bàbá mi wí. "Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó dùn mí wọ egungun. Mo sunkún, n kò sì fi ẹkún náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá mi jókòó láti tún àwòrán náà yà, mo gbé àga tèmi wá, mo sì mú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n ilẹ̀ náà sí.

"Kí lo fẹ́ níbí?"

"Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ ò ní kí n má ka ìwé. Ògiri apá ọ̀tún, mítà mẹ́jọ ààbọ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwé, wọ́n sì ya ògiri apá ọ̀tún. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, mo ń kà, wọ́n ń yà. Nígbà tí a dé orí ààrò àkọ́kọ́, mo ní, "Ẹ fún un lórúkọ, Bàbá."

"Kò tíì parí."

"Èmi náà ò tíì parí, ẹ sì ti sọ mí ní Agbẹjọ́rò."

Bàbá mi wúkọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ikọ́ bò. Wọ́n tẹ orúkọ sí i: Búrẹ́dì Tí Kò Tíì Jiná. Wọ́n sì fi pamọ́. Láti ìgbà náà, ní wákàtí wákàtí ni wọ́n ń fi pamọ́, láìjẹ́ pé mo tún sọ̀rọ̀.

A parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bàbá mi na ẹ̀yìn wọn. "Àtúnṣe rẹ yìí," ni wọ́n wí, "ìgbà wo ni kò ní dí mi lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ mú ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí aago rẹ̀ bá ti ògiri mu."

Wọ́n tún aago náà ṣe fúnra wọn. Wọ́n mú aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ní lójú àwọn ni kó ti máa ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn ò dá wákàtí mi padà, mi ò sì bẹ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, aago kan kọjá díẹ̀, oníbúrẹ́dì wọlé dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n sún ilẹ̀kùn kan sí ìhà kejì, pé àwọn tó ń kọ́ ilé náà ń dúró de òun. Ẹ̀rọ ti ń gba àtúnṣe lọ́wọ́, kò tíì dé ìdajì.

"Ẹ já a kúrò lára iná, kí ẹ tún un tàn," ni oníbúrẹ́dì wí. "Ẹni tó ń ya àwòrán fún mi tẹ́lẹ̀ kì í fi irú èyí dá mi dúró."

Mo wo bàbá mi. Oníbàárà nìyí tó tún fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nínú wọn.

"Ẹ jókòó," ni bàbá mi wí. "A kì í já a. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀nà nìyẹn, ṣùgbọ́n àwòrán yín wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí ìkánjú."

"Ta ló wá sọ pé kò ṣeé já?"

"Ọmọ mi obìnrin yìí. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Oníbúrẹ́dì jókòó. Nígbà tí ẹ̀rọ tàn, bàbá mi dìde kúrò lórí àga wọn, wọ́n sì fà á sẹ́yìn fún mi. "Ṣí i fún wọn," ni wọ́n wí. "Tí ẹ bá ṣe tán, wákàtí rẹ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfojúdi ni kí ọmọdé mọ ohun tí àgbà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ́ ohun tó tọ́ ṣe. Bí ẹ bá yọ́ ọ ṣe, bí olè ni yóò rí. Ẹ sọ ọ́ lójúkojú. Bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ àṣìṣe yín kí wọ́n tó fi ẹ̀bi yín kan ẹlòmíràn, kí ẹ sì dúró lórí òótọ́ tó kù.