Ẹni Tó Ń Bá Alágbàfọ̀ Du Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ṣì ń fọṣọ jẹun, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn, kọ́tìnnì lásán ló sì wà láàárín wọn. Ojú ìyá yìí ti ń ṣú láti ọdún méjì. Awọ funfun kan ń bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí oru omi gbígbóná ṣe ń bo dígí. Ó ṣì ń rí òjìji èèyàn. Ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì kó o fún alágbàfọ̀ pé kó tọ́jú rẹ̀, torí òun ló wà nílé pẹ̀lú ìyá. Òun ló ń mú un lọ sí balùwẹ̀, òun ló ń wá bàtà fún un. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń pè é ní Ojú-mi. Ilé nìkan ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá ò mọ orúkọ náà.

Gbàǹjo orí fóònù ló kó o sí wàhálà. Bó ṣe rí nìyí: wọ́n á gbé ọjà ńlá kalẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́. Ìwọ á kọ́kọ́ fi owó ra títẹ̀. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, títẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. Iye ọjà á gòkè díẹ̀, aago á sì padà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tí aago bá parí tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ mọ́, ẹni tó tẹ̀ kẹ́yìn ló máa ra ọjà náà. Owó títẹ̀ àwọn yòókù ti wọgbó.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá kan ló rí níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó nínú ọṣẹ. Ó ní títẹ̀ mẹ́wàá péré lòun máa fi dán an wò. Mẹ́wàá di ogójì. Nígbà tí owó tirẹ̀ tán, ó fọwọ́ kan owó iṣẹ́ abẹ ojú ìyá rẹ̀. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ tó parí òun á ti dá a padà.

Àwọn èèyàn ń jáwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun àti ẹnì kan ṣoṣo. Ó wo orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ níbẹ̀.

Ojú-mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ayé pọ̀, orúkọ lè jọra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn.

Ọ̀sán gangan ni. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Ó tẹ̀. Aago ń kà bọ̀. Mẹ́ta. Méjì. Nígbà tó ku ọ̀kan, Ojú-mi tẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an, nǹkan kan dún lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Kó.

Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná kan igi. Ó tún tẹ̀, ó dúró. Kó. Ó tún tẹ̀. Kó.

Ó rọra ká kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga onígi, orí rẹ̀ tẹ̀ sí àyà, ó ń sùn. Kò sí fóònù nítòsí rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ló dúró sókè lórí apá àga. Alágbàfọ̀ tẹ bọ́tìnnì, kò gbójú kúrò lára ìka yẹn. Ìka náà dúró. Ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Ó wá sọ̀ kalẹ̀.

Kó.

Ó yẹ kó ju fóònù sílẹ̀. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n owó ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó bá sì jáwọ́, ó gbé lásán nìyẹn. Ó jẹ́ kí kọ́tìnnì padà bọ́ sílẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń tẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń tẹ̀, títí títẹ̀ rẹ̀ fi tán pátápátá.

Aago parí. Ojú-mi ló ni ẹ̀rọ.

"Ojú-mi," ìyá rẹ̀ pè láti inú yàrá.

"Mà."

"O ti ṣe tán?"

"Kí ni mà?"

"Ohun tí o ń ṣe. O ń pè mí, mo ń dá ẹ lóhùn. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó tún ká kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló ti fèrèsé?" ni ìyá bi í.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oòrùn ń ràn sí ìyá lójú.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ wá. Ojú-mi ni wọ́n kọ sára páálí, wọ́n sì kọ àdírẹ́sì ilé sí i. Ó béèrè ẹni tó sanwó. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé owó ti pé.

Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tan iná sójú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó pa á.

"Ta ló gé awọ ojú yìí?"

"Kò sẹ́ni tó gé e, sà."

"Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

"Ṣùgbọ́n wọn ò ríran, sà."

"Mo rí i," ni dókítà wí. Ó tún tan iná náà, bíi pé ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta ni alágbàfọ̀ ti jẹ́wọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀?"

"Rárá, mà."

"Sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, pé kò jẹ́ ni. Ẹ má jà torí mi."

Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún wọn. Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ṣe wàhálà.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú páálí. Ọwọ́ ló fi ń fọṣọ. Lọ́sẹ̀ tí mo lọ kí wọn, ó ti kọ̀wé sí àwọn oní-gbàǹjo pé kí wọ́n pa orúkọ Ojú-mi rẹ́. Èsì wọn dé lójú mi, ó sì kà á sókè: "Oníbàárà náà nìkan ló lè pa á rẹ́. Títẹ̀ mọ́kànlélógójì ló ṣì kù fún un."

Ìyá wà níbi tó jókòó sí, ó ń gbọ́ wa.

"Mélòó ni wọ́n ní ó kù?" ló bi í.

Alágbàfọ̀ dojú fóònù bolẹ̀, ó sì di ìka ìyá mú.