Bọ́ọ̀lù Kẹrin

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni obìnrin náà jù sókè, mẹ́rin ló bọ́ padà sí i lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó fura. Àwọn arúgbó tó jókòó yí gbọ̀ngàn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ká ń pàtẹ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí idán. Ọwọ́yá ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Ọdún kejìlá rèé tí tọkọtaya yìí ti ń gbé ìhìn rere kiri lọ́nà tiwọn: ìyàwó a máa ju bọ́ọ̀lù, a máa yọ òdòdó nínú àpótí òfìfo, ọkọ a sì máa gbé ẹrù. Tó bá parí, Ọwọ́yá a tú àṣírí ara rẹ̀. Á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbọ́n ọwọ́ lásán ni o. Jésù nìkan ni iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn."

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kẹrin yìí kì í ṣe tirẹ̀. Pupa ni bíi ti àwọn yòókù, àmọ́ ó tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìjì, ó sì ń sọ kì, kì, lábẹ́ ìka rẹ̀ bí àyà ẹyẹ.

Ohun tó tún bà á lẹ́rù jù ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó fi í pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń jẹun, abẹ́ tábìlì ló máa ń ki ọwọ́ náà bọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé òun lọ́wọ́ ti ń parí lọ. Wàyí o, ọwọ́ náà dúró gbagidi.

"Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí?"

Ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù ló sọ̀rọ̀. Aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti dókítà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mì.

"Kò ní gbọ̀n mọ́ láéláé," ohùn náà ní. "Ohun kan péré ni mo fẹ́. Má sọ fún wọn mọ́ pé ọgbọ́n ọwọ́ ni. Jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ìwọ lo ni agbára."

Kí n má purọ́, Ọwọ́yá rò ó. Ó rò ó dáadáa. Ibẹ̀ ló wà tí ìyá arúgbó kan fi nawọ́ sí i láti orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

"Ọmọ mi," ìyá náà ní, "fi ọwọ́ yẹn kàn mí lẹ́sẹ̀, kí n lè dìde."

Ọwọ́yá wo ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já bọ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Ọwọ́ yìí ò lágbára kankan. Ó ti ń gbọ̀n láti oṣù mẹ́fà, mi ò sì sọ fún ọkọ mi. Jésù ló ni agbára. Mi ò ní bá a du ú. Lórúkọ rẹ̀, mo kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi."

Bó ṣe pe orúkọ náà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ó wo ilẹ̀: bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àga náà ti ṣófo.

Ọkọ rẹ̀ wá di ọwọ́ náà mú níwájú gbogbo wọn. "Oṣù mẹ́fà?" ó ní. "Èmi tí mo ti ń rò pé ọbẹ̀ tí mò ń sè ni kò dùn, tó o fi ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì!" Àwọn arúgbó bú sẹ́rìn-ín, ìyá orí kẹ̀kẹ́ pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa Ọwọ́yá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó bá yín sọ̀rọ̀, àbí?"

"Ẹ rí i?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n apidán kan wá síbí lọ́dún tó kọjá. Òun náà ń tẹjú mọ́ àga òfìfo yẹn bíi tiyín, ó sì mirí pé òun gbà. Ẹ wá wò ó."

Yàrá tó gbẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń lọ sókè, ń lọ sódò, ó ń ju ohun tí kò sí, ó ń hán an, ó tún ń jù ú. Àwọn ọwọ́ náà ò tíì dúró láti ọdún tó kọjá, kódà lójú oorun. Àwọn nọ́ọ̀sì ti fi okùn dè wọ́n rí, ó já okùn náà.

Ọwọ́yá kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. Ọwọ́ méjèèjì yẹn gbé e sókè, wọ́n fà á wálẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, kò jọ̀wọ́ wọn. "Jésù, tìẹ ni agbára," ó ń wí. "Tìẹ ni. Tìẹ ni." Ọkọ rẹ̀ àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀.

Àfi lójijì tí ọwọ́ náà dúró.

Apidán náà mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Ṣé mo lè sùn?"

"Ẹ sùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tán."

Bó ti pa ojú dé ni wọ́n gbọ́ ìró lórí sìmẹ́ǹtì tí nǹkan kan kò sí lórí rẹ̀: pò. Pò. Pò. Nǹkan ń já bọ́ láti òkè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́yá kà á dé méje. Àwọn nǹkan náà yí gbirigbiri bí bọ́ọ̀lù, wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì sẹ́ni tó rí ohunkóhun.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Lórí bẹ́ẹ̀dì, apidán ti ń hanrun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ lórí àyà rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́ tó yó.