Ẹni Tí Màámi Kúnlẹ̀ Kí

Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí, mi ò sì bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹnu mi gùn tó, èmi Mìsítúrà ò lè fi ìyá tó bí mi pa irọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, lẹ́yìn Rye Lane, ó sì ṣojú mi kòró. Làtíìfù ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ẹ bi í. Kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé irọ́ ni.

Èmi, Làtíìfù àti Màámi la jọ ń gbé òkè ilé náà. Evelyn ló ń gbé ìsàlẹ̀. Òyìnbó ni, ó ti dàgbà, òun ló sì ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ó lẹ ìwé pélébé kan mọ́ fèrèsé rẹ̀: ìràwọ̀ onígun márùn-ún nínú òbìrí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀, Wicca. Láti ọjọ́ tí Làtíìfù ti wo ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù ló ti ń ka Áyátúl-Kúrúsíyù fún ààbò kó tó gun àtẹ̀gùn.

"Àjẹ́ ni," ó ní. "It's right there, Mìsítúrà. Witch."

"Àjẹ́ tiwa kì í jẹ́wọ́ àfi tí wọ́n bá nà án," mo dá a lóhùn. "Eléyìí lẹ tiẹ̀ mọ́ fèrèsé. Àjẹ́ wo nìyẹn?"

Èmi ò lè máa bá èèyàn gbélé kí n máa fi inú rò ó. Mo lọ kan ilẹ̀kùn, mo bi í. Evelyn rẹ́rìn-ín, ó gbé tíì fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, èmi ni mò ń yí i pa dà. Ó ní òun ò mọ Ṣàtánì rí, pé àwa Mùsùlùmí àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì la ni ín. Ó ní òrìṣà obìnrin kan wà tí àwọn ń bọ̀wọ̀ fún, àti òrìṣà ọkùnrin kan tó ní ìwo, ìwo àgbọ̀nrín lásán. Àwọn kì í ṣe èèyàn níbi, nítorí ohun tí èèyàn bá rán jáde máa pa dà wá bá a lọ́nà mẹ́ta. Mo ní ẹ̀sìn àtayébáyé ni, àbí? Ó mi orí. Ó ní àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé e síta ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìjọba pa òfin tó de àjẹ́ rẹ́. Ó ṣa ti àtijọ́ díẹ̀, ó hun ìyókù mọ́ ọn. Màámi ju ẹ̀sìn ọ̀hún lọ lọ́jọ́ orí! Ẹ̀rín pa mí títí mo fi dé òkè. Làtíìfù ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ nínú ọdún, lóṣù Kejìlá, ni Màámi sọnù.

Ìrántí wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mò ń bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú kíṣìnì. Nígbà tí mo máa jáde, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Kóòtù wọn ṣì wà lára ìkọ́. Sálúbàtà inú ilé ni wọ́n wọ̀ jáde, òjò sì ń rọ̀, òtútù ń jáni jẹ. Ọlọ́pàá tó wá gba fọ́tò wọn sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́: tí a ò bá tètè rí wọn, ẹni ọjọ́ orí wọn ò lè la òtútù náà já. Èmi àti Làtíìfù bọ́ síta.

A wá Rye Lane. A wá Choumert Road. A dé pápá Peckham Rye. Agogo mẹ́rin ò tíì lù tí ilẹ̀ fi ń ṣú, àwa méjèèjì ń ké bí ẹni tí wọ́n gbọ́mọ rẹ̀ lọ. "Màámi o! Alhaja Àsúmáù!" Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Mo sáré pa dà wálé, bóyá wọ́n ti dé. Evelyn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti dáná sínú agbada irin. Òru tó gùn jù lọ nínú ọdún ni, iná ni wọ́n fi ń kí oòrùn káàbọ̀.

"Ṣé ẹ ti rí wọn?"

"Rárá."

"Wá dúró tì wá. Dárúkọ wọn níbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan."

Làtíìfù ti dé ẹ̀yìn mi. "Mìsítúrà, don't you dare. Ẹbọ nìyẹn o. Haram ni."

"Ìyá wa wà nínú òjò," mo ní. "Bí ẹ bá mọ ibòmíì tí mo lè dúró sí, ẹ fi hàn mí."

Mo ṣe bísímílà, mo bọ́ sínú ọgbà. Làtíìfù dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì Evelyn, kò tẹ̀ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn.

Ọgbà náà ò tóbi. Ògiri bíríkì ló yí i ká. Ilẹ̀kùn onígi kan ṣoṣo ló wà níhà àríwá, ìdábùú irin sì dè é láti inú. Evelyn fi iyọ̀ yí wa ká. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó kí afẹ́fẹ́. Ó kí iná ní gúúsù, ó kí omi ní ìwọ̀ oòrùn. Ó kọjú sí àríwá, ó kí ilẹ̀, ó ní kí ẹni rere tó bá ń gbọ́ wá bá wa dúró. Ó wá mi orí sí mi pé ó kàn mí.

"Àsúmáù," mo ní. "Àsúmáù Àwẹ̀ró, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo nǹkan dákẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Peckham, ẹ mọ̀ pé Peckham kì í dákẹ́. Bọ́ọ̀sì, rélùwéè, ọkọ̀ ọlọ́pàá, gbogbo rẹ̀ lọ. Mò ń rí òjò, mi ò gbọ́ ọ. Iná ń jó, kò ta. Òórùn ilẹ̀ gba imú mi, bíi ti àkọ́rọ̀ òjò nílé. Mo gbójú sókè.

Màámi dúró níhà àríwá.

Ìdábùú irin ṣì wà níbi tó wà. Aṣọ Màámi gbẹ. Sálúbàtà wọn gbẹ. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, wọ́n ká ìka, bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ sílé ìwé. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màámi!" Mo dì mọ́ wọn, mò ń sunkún. Ara wọn gbóná. "A pè yín, pè yín! Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ilẹ̀ ń ṣú, ohùn ń pe orúkọ mi, mi ò rí ẹni tó ni ohùn. Ẹ fẹ́ kí n dáhùn? Mo sá pamọ́ ni."

Àwọn fúnra wọn ló kọ́ wa láti kékeré pé a kì í dáhùn ìpè tí a ò rí ẹni tó pè é. Gbogbo nǹkan ti ń kúrò lórí wọn, èyí ò kúrò. Bí a ṣe ń pè wọ́n tó ni wọ́n ń sá fún wa tó.

"Ta ló wá mú yín wá?"

"Ìyá yìí ni. Wọn ò pè mí. Wọ́n wá, mo rí wọn."

Màámi yíjú sí ọ̀tún, síbi tó ṣófo. Ẹ gbọ́ o, orí àga ni Màámi ti ń kírun láti bí ọdún mélòó kan. Orúnkún wọn ò ká mọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú koríko tútù. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun gan-an ni." Wọ́n tẹ́tí. "Àmín," wọ́n ní. "Àmín, mà."

Mo wo Evelyn. Mo rò pé onítọ̀hún á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ta lẹ pè?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò wá rí."

Àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìdágbére kan tí wọ́n fi ń parí ètò náà. Evelyn ya ẹnu, kò rí i sọ. Ní tèmi, ẹ̀rù kọ́ ló bà mí. Ó ju ẹ̀rù lọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ bàtà.

Màámi dìde, ẹnì kankan ò fà wọ́n. Ojú wọn le, bó ṣe máa ń le nígbà tí a bá hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́ níwájú àlejò.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa ran ojú mọ́ àlejò tó fẹ́ lọ nìyí? Làtíìfù! Ṣílẹ̀kùn, ká sìn wọ́n sọ́nà."

Làtíìfù wá. Ó kọjá lórí iyọ̀, ó fa ìdábùú. Gbogbo wa tẹ̀ lé Màámi dé ẹnu ilẹ̀kùn, àti Evelyn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún.

"Ó dàbọ̀ o, mà," Màámi ní. "Ẹ bá mi kí wọn nílé."

A ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. A ò rí òjìji. Làtíìfù dúró díẹ̀, ó wá nawọ́ láti ti ilẹ̀kùn. Màámi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sùúrù," wọ́n ní. "Wọ́n pọ̀. Wọn ò tíì jáde tán."

A sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú òjò, gbogbo wa, a fún wọn lọ́nà.