Àtẹ́lẹwọ́ Tó Ń Tọrọ Ọ̀nà

Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ tó wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, omi ń kán lára rẹ̀. Mo nu ojú fóònù mi, mo tún wò ó. Omi ṣì ń kán.

Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbàgede àwa lébìrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń júwe iṣẹ́ fún ara wa. Àwọn oníjìbìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìpolówó irọ́ bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́: bí wọn ò polówó oògùn, wọn a polówó tẹ́tẹ́. A wá fi òfin sí i pé ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọwọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì, a mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Ọwọ́ yìí le, ó sán. Ọwọ́ lébìrà ni. Orúkọ abẹ́ rẹ̀ ni mo fura sí: Kòséwu.

Èmi àti Kòséwu la jọ ń po kọnkéré. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú gbàgede, ó sì jókòó tì mí nígbà yẹn gan-an, ó ń wo ilẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àlejò náà: "Ta ni ọ́?"

Ó fèsì: "Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́, èmi Kòséwu ni. Ẹni tó jókòó tì yín yẹn kì í ṣe èmi. Ibi tí mo wà tutù. Tí ẹ bá gbà mí wọlé, màá rọ́nà bọ̀. Tí ẹ bá tì mí síta, ó parí nìyẹn."

Orí mi wú. Àmọ́ bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn: mo wà nínú wàhálà, ẹ gbà mí. Mo pa á rẹ́. Kò pẹ́ tó tún dé, ọwọ́ kan náà, omi kan náà.

Mo fi han Kòséwu. Kòséwu tí mo mọ̀ ì bá ti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Eléyìí kàn tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ ti ọ̀nà mọ́ ọn pátápátá, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ní ìwọ kọ́ nìwọ."

"Kí ni olè ò ní sọ? Èmi rèé. Àbí ẹ fẹ́ kí n wọlé lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú Kòséwu ni. Mo tẹ bọ́tìnì, mo ti ọ̀nà mọ́ àlejò náà pátápátá.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́. Ọwọ́ náà rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Kò le, kò sán, kò tiẹ̀ ní ìlà kankan. Ó ń dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Mo yára padà sórí fóònù láti ṣí ọ̀nà. Ohun tó hàn lójú rẹ̀ ni pé kò sí àlejò kankan tó tọrọ ọ̀nà lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyàwó Kòséwu ní ọkọ òun ti di èèyàn jẹ́jẹ́ báyìí. Inú rẹ̀ ń dùn. Mi ò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún un.

Lónìí, bí a ṣe ń sinmi, ọkùnrin náà sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi náà máa bá yín ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

"Kí ló dé?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àwọn èèyàn mi pọ̀ níta. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń lé wọn."