Orúkọ Tí Mísì Fún Wọn

Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan ni Àràmídé rí gbá mú lójú fèrèsé yàrá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ Sọ́ńdè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orí àti àyà ọmọ náà ti dé ìta. Bí ó ti ń fà á lọmọ náà ń tapá ta ẹsẹ̀. Lójijì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé, ìdí rẹ̀ ló ṣáájú. Ojú ọ̀dọ́kùnrin kan yọ lẹ́yìn rẹ̀ níta, ó fi téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kọ́rùn, eyín rẹ̀ funfun báláú.

"Mísì, ẹ gba ọjà yín. Àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n mi ò rà á."

Kí Àràmídé tó dúpẹ́, ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Fọlárìn lorúkọ rẹ̀, télọ̀ ni ní Òjúwòyè. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìdí-Orò. Ó ní Dárámọ́lá, àbúrò òun, lòun wá mú relé. Ta ló gbà á gbọ́?

"Kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an tí wọ́n fi ń sá?"

"Sùúrù ni."

"Àwọn ló ń kọ́ yín nìyẹn."

Àràmídé fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà ju ẹgbẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́, wọn kò sì tíì tó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá dákẹ́, èkejì á máa jó lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Pásítọ̀ ti ní bí wọn kò bá fìdí mọ́lẹ̀ kí Ìkórè tó dé, òun yóò tú wọn ká, kí oníkálukú lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Àràmídé sì mọ̀ pé ọmọkùnrin tí wọ́n bá mú jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlá kò ní wá mọ́ tó bá pé mẹ́tàlá.

Ìyá àgbà tó tọ́ ọ, tó sì kọ́ ọ níwèé nílé, ń bó ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní: "Nígbà tí mo délé ọkọ, àbúrò ọkọ mi kan wà tí kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ ní Baba Kékeré. Kí n tó pè é tán, ó ti gbé korobá. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n ka òun kún èèyàn?"

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Àràmídé kò pe ọmọ kankan lórúkọ. Èyí tó ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri di Akọ̀wé, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Dárámọ́lá di Eyínfúnjowó.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á."

Ọmọ náà wẹ̀yìn bóyá àgbàlagbà kan ló wọlé. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó dìde, ó tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó gba ojú fèrèsé jáde lọ́jọ́ náà.

Àwọn ìyá yòókù fi ṣe ẹ̀rín. Ìyá Fọlárìn kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́ pé Mabel, ọmọ ọ̀rẹ́ náà, ni Fọlárìn yóò fẹ́, Dárámọ́lá wá ń sọ nílé pé òun kò jẹ́ Dárámọ́lá mọ́. Ó wé gèlè, ó di ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ lo sọ ọmọ mi lórúkọ?"

Àràmídé kúnlẹ̀. "Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Ìyàwó ilé ló ń fún àbúrò ọkọ lórúkọ. Ta ló gbé ọ wá? Ọjọ́ wo la ṣe ìdáná? Eyín Dárámọ́lá lo sì rí ni, àbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, orúkọ àbísọ wọn ni Àràmídé ń pè wọ́n. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ fò jáde. Pásítọ̀ yọjú, ó mi orí, ó sì tú ẹgbẹ́ ká. Ó ní tó bá di Ìkórè, kí Àràmídé pè wọ́n jáde wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọn kò bá jáde, ó parí.

Fọlárìn wá bá a. "Wọ́n ní o ti gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Màmá yín ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́."

"Àwọn ló rí i, èmi ò rí i. Mo ti sọ fún wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rán aṣọ ìyàwó fún. Ó kù sọ́wọ́ rẹ, Àràmídé. Ìwọ ni o máa sọ bóyá àṣìṣe lorúkọ tí o sọ àbúrò mi." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ìkórè, Pásítọ̀ pe ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin. Àràmídé nìkan ló jáde. Àwọn ọmọ náà jókòó ti ìyá wọn, ẹsẹ̀ wọn ń jó.

"Akọ̀wé," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé ìdáná lọ. Akọ̀wé dìde. Ó pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó pe àwọn yòókù, wọ́n ń sáré bọ̀. Dárámọ́lá nìkan ló kù. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀.

Àràmídé lè fi í sílẹ̀. Ó wo ojú ìyá náà, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Àràmídé kò mọ ohun tó ń sọ. Ìyá Fọlárìn wò ó títí. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá Àràmídé níta. "Mabel ti jẹun nílé wa láìmọye ìgbà, kò mọ orúkọ ọmọ yìí. Sọ fún Ìyá àgbà rẹ pé a ń bọ̀ ní Sátidé. Kí wọ́n má dáná púpọ̀, a ò ní pọ̀." Ó yíjú sí Fọlárìn. "Ìwọ, kí lò ń wò? Lọ bá wọn gbé bẹ́ǹṣì."

Fọlárìn lọ gbé bẹ́ǹṣì. Ibi tó yẹ kó gbé e sí, ó gbé e kọjá ibẹ̀.