Oúnjẹ Tí Bazarkan Kọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe Bazarkan wá jẹun, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọ̀. Mo mọ ilé tó ń gbé dáadáa, nítorí ojúlé kẹrin sí tèmi ni. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á títí dé òpin, torí ọ̀rọ̀ tìrẹ wà níbẹ̀.

Láti Mongolia ni òun àti Kulpash ìyàwó rẹ̀ ti kó wá sí abúlé wa lẹ́yìn ìlú Almaty, ní ilẹ̀ àwa Kazakh. Kazakh bíi tiwa ni wọ́n, ọ̀hún ni wọ́n kàn bí wọn sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé orílẹ̀-èdè àwọn baba wọn ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ padà, Bazarkan ta igba àgùntàn, ó ta ẹṣin, ó fi Ainash ọmọ rẹ̀ obìnrin sílẹ̀ nílé ọkọ, ó ní òun ń lọ jayé.

Owó igba àgùntàn kò pẹ́ tán. Owó ilé jẹ níbẹ̀, ìwé ìgbélùú jẹ níbẹ̀, oúnjẹ tó ń wọ́n sí i lóṣooṣù sì kó ìyókù lọ. Kí òtútù tó mú dáadáa, ọkùnrin tó ní agbo ẹran ti di alárùú lọ́jà, ó ń gbé àpò àlùbọ́sà fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Yàrá méjì ló háyà, pẹ̀lú ààrò bíríkì kan tí wọ́n ń fi èédú dáná sí kí ilé lè móoru. Lọ́dún náà, èédú wọ́n débi pé àwa onílé pàápàá ń fi ọwọ́ ṣà á.

Òṣì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ Bazarkan ni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó lọ dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹlòmíràn, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Ainash pé ilé àwọn nìyẹn. Kulpash wo fọ́tò náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ainash, ilé yìí mà dára o. Ìgbà wo la máa kó wọ ibẹ̀?"

"Panu mọ́ jàre," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ìdílé tuntun bá kó dé, àwọn tí wọ́n bá ládùúgbò ló ń kọ́kọ́ pè wọ́n wá jẹun. Erulik là ń pè é. Kì í ṣe pé à ń ṣàánú wọn. Nídìí oúnjẹ yẹn ni àlejò ti ń mọ kànga tí omi rẹ̀ dára, oníṣòwò tó ń rẹ́ni jẹ àti ajá tó ń gé ènìyàn jẹ. Tileken tó múlé ti Bazarkan ló wá pè é. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọmọlẹ́yìn Jesu sì ni, ohun tí àwọn kan ládùúgbò fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Bazarkan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ara ìyàwó mi ni kò yá."

Irọ́ ni. Kulpash wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti so ìborùn rẹ̀ tó dára jù mọ́rí, ó ti ṣetán àtilọ.

"Oṣù méjì rèé tí mi ò bá obìnrin kankan jókòó sọ̀rọ̀," ni Kulpash wí nígbà tí bàbá náà lọ tán. "Ṣebí oúnjẹ lásán ni wọ́n ní ká wá jẹ."

"Tá a bá jẹ tiwọn, àwọn náà á wá jẹ tiwa. Kí la máa gbé síwájú wọn? Jẹ́ kí n ra àgùntàn kan ná. Tá a bá ti ní tiwa, a ó lọ."

"Kí wọ́n wá máa dúró de àgùntàn tí a ò tíì rà." Ó tú ìborùn náà, ó ká a padà sínú àpótí.

Nígbà kejì, Bazarkan ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè. Nígbà kẹta, yìnyín ti bo abúlé, Tileken sì kanlẹ̀kùn gbọnmọgbọnmọ.

"Àbúrò, ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ wá lónìí. Ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Jesu yín ni, ẹ jọ̀ọ́. Ebi ò tíì pa mí débi tí màá fi àdúrà gba ẹran."

Ó ti ilẹ̀kùn. Tileken yí padà nínú yìnyín, ó lọ sílé.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, àìsàn tí Bazarkan fi parọ́ wá dé lóòótọ́. Ibà dá Kulpash gúnlẹ̀. Garawa èédú kan ṣoṣo ló kù nílé. Ní àárọ̀, Bazarkan kó o sínú ààrò, ó ń ronú bí ooru rẹ̀ ṣe máa tó títí di ìrọ̀lẹ́. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ihò èéfín tí a fi ń dí i. Ní Mongolia, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni wọ́n fi ń dáná, bí ọwọ́ iná rẹ̀ bá ti wálẹ̀, wọ́n á ti irú irin bẹ́ẹ̀ kí ooru má bàa sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ó ti irin náà nígbà tí èédú ṣì ń pọ́n, ó fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gba ọjà lọ.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó dé. Ilé ṣì móoru, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kulpash pọ́n bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kàn án.

Igbe Bazarkan ni Tileken gbọ́ tó fi sáré wá fọ́ fèrèsé. Ó ti pẹ́ jù, Kulpash ti kú. Èédú tó ń pọ́n ní èéfín kan tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, òun ló sì ti kún yàrá náà láti àárọ̀.

Àwa aládùúgbò la gbẹ́ ilẹ̀ tó ti dì. Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé ẹran, búrẹ́dì àti tíì wá. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí Bazarkan máa fi san án. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó jẹ pẹ̀lú wa ní abúlé yìí ni oúnjẹ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Ìborùn Kulpash ṣì wà nínú àpótí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bazarkan lọ bá Tileken nínú àgbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Tileken kò lè wo ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ihò èéfín ilé yẹn ni. Kí o má ti irin rẹ̀ láéláé àfi tí èédú bá ti di eérú. Wọ́n ti gbé òkú ẹnì kan jáde níbẹ̀ rí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pariwo?"

"O ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ojú tì mí. Mo ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu." Bàbá náà ń sunkún. "Ó yẹ kí n pariwo."

Bazarkan jókòó sílẹ̀ nínú yìnyín. "Ọwọ́ mi yìí ló ti irin náà. Ta ló máa dárí jì mí? Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀."

Tileken jókòó tì í. "Mi ò lè sọ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Òkú ò lè dárí jini mọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run lè dárí jì ọ́. Nítorí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kan ọwọ́ Jesu mọ́ igi. Òun ni èmi náà ń bẹ̀ láti ọjọ́ náà."

Ibẹ̀ ni Bazarkan ti gbàdúrà tirẹ̀. Kò gùn. "Olúwa, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní nǹkan kan láti gbé síwájú Rẹ. Ṣàánú mi, wọlé."

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ tán. Ó pe Ainash, ó sọ òtítọ́ fún un nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti nípa ìyá rẹ̀, Ainash kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Àpò àlùbọ́sà ló ṣì ń gbé, èédú ṣì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kó dé abúlé wa, òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀rọ̀ ihò èéfín ló sì fi ń ṣáájú ìkíni. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á lọ pariwo lójú fèrèsé.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni Jesu ti pè ọ́? O ní kí o kọ́kọ́ tún ayé rẹ ṣe, kí o kọ́kọ́ ní nǹkan lọ́wọ́, kí ojú má bàa tì ọ́ níwájú Rẹ̀. Kò ní kí o mú àgùntàn wá. Ilé tí o jókòó sí yìí móoru, ara sì tù ọ́, ṣùgbọ́n o kò rí ohun tó ń kún inú rẹ̀. Bó o bá fẹ́, bínú sí mi. Mi ò ní lọ sílé ní jẹ́jẹ́ bí Tileken ti lọ. Dìde lónìí, ṣí ilẹ̀kùn fún Un, nígbà tí o ṣì ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ọ́.